Orí Keje: Bí Dífù Iwájú àti Dífù Ẹ̀yìn Ṣe Gbọ́dọ̀ Bára Mu Nínú Ọkọ̀ Fọ́ọ̀-Wíìlì

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, tó sì ti ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe inú rẹ̀, yóò lè:

- sọ ohun tí ìpín gíà jẹ́, kó sì fi iye eyín ṣírò rẹ̀;
- ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ọkọ̀ tí dífù rẹ̀ méjèèjì kò bára mu, lórí yanrìn àti lórí títì ọlọ́dà;
- yẹ dífù ọkọ̀ wò láìtú u;
- yan dífù tó yẹ nígbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀kan tàbí méjèèjì.

7.1 Láti orí ọ̀dà bọ́ sórí yanrìn

Títì ọlọ́dà ni títì tó ti Mile 2 kọjá Òkòkòmáikò àti Agbára lọ sí Badagry, títí dé ẹnu ibodè Sèmè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà sí apá òkun kì í rìn jìnnà kí ọ̀dà tó tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Yanrìn funfun ló kù níwájú rẹ̀, láàárín igi àgbọn, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ń fà yóò rì síbẹ̀ dé ikùn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kó ẹja, àgbọn, sìmẹ́ǹtì tàbí àlejò lọ sí etíkun fi ń wá ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì, ìyẹn ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà pọ̀: Hilux, Land Cruiser, Patrol, L200, àti àwọn mìíràn tí gbogbo wa ń pè ní jíìpù.

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté Kútọnu ni wọ́n ti ń kó wọn gba Sèmè wọlé, kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Bí dífù ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ọjà ASPAMDA tó wà nínú Trade Fair Complex lójú títì kan náà, tàbí ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, ni mẹkáníìkì ń lọ. Níbẹ̀, dífù Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá, wà nílẹ̀ bí ẹni da iṣu. Ọ̀kan lè ti ara ọkọ̀ tó lo ẹ́ńjìnnì dísùù wá, òmíràn lára ọkọ̀ epo bẹntiróòlù. Ọ̀kan láti Japan, òmíràn láti Yúróòpù. Ilé wọn jọra, ojú ihò bóòtù wọn bára mu, wọ́n á sì wọlé wẹ́rẹ́. Ohun tó wà nínú wọn ló yàtọ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ máa ń fún ọkọ̀ kan náà ní ìpín gíà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, táyà rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè tó ń lọ.

7.2 Àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó

Agbára ń ti inú ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú àpótí gíà, láti ibẹ̀ ó bọ́ sínú tíránsífà. Tíránsífà ni àpótí kejì tó so mọ́ ẹ̀yìn àpótí gíà. Nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ bá wà ní 2H, ẹ̀yìn nìkan ni agbára ń lọ. Tí awakọ̀ bá fi sí 4H tàbí 4L, tíránsífà á de ọ̀nà iwájú àti ọ̀nà ẹ̀yìn pọ̀, àwọn méjèèjì á sì máa yí ní iye kan náà.

Pùròpẹ́là ni ọ̀pá irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé yíyí láti tíránsífà lọ bá dífù. Ọ̀kan lọ síwájú, ọ̀kan lọ sẹ́yìn.

Dífù ni ilé irin tó yọ ikùn láàárín táyà ọ̀tún àti tòsì. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń dín yíyí pùròpẹ́là kù kó tó dé ara táyà, èyí tó ń sọ ìyára di agbára fífà. Ó sì ń jẹ́ kí táyà méjèèjì lè yí ní iye tó yàtọ̀ síra nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà.

Píníọ̀nù ni gíà kékeré tó wà lẹ́nu pùròpẹ́là, nínú dífù. Kíráwùn ni gíà ńlá bí àwo tí píníọ̀nù ń fi eyín rẹ̀ yí.

Ìpín gíà dífù ni iye ìgbà tí píníọ̀nù gbọ́dọ̀ yí kí kíráwùn tó yí lẹ́ẹ̀kan péré. A ń ṣírò rẹ̀ báyìí:

Ìpín gíà = iye eyín kíráwùn ÷ iye eyín píníọ̀nù

Bí kíráwùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀nù ní 10, ìpín gíà jẹ́ 4.1. Bí kíráwùn bá ní 43, tí píníọ̀nù ní 11, ó jẹ́ 3.909. A tún máa ń bá 43 lórí 12 (3.583), 43 lórí 10 (4.3) àti 41 lórí 9 (4.556) pàdé nínú ọkọ̀ Toyota. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń tóbi sí i ni ọkọ̀ ń lágbára láti fà sí i, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí púpọ̀ sí i lórí ìrìn kan náà.

7.3 Àpẹẹrẹ: Hilux tí wọ́n pààrọ̀ dífù ẹ̀yìn rẹ̀

Ká sọ pé Hilux kan ní 3.909 níwájú àti lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́. Dífù ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í hu, wọ́n sì ra òmíràn ní ọjà, tó jẹ́ 4.1. Gbogbo bóòtù wọlé. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 265/70R16.

Ìlà àárín táyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 777. Tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, yóò rìn tó mítà 2.44.

Jẹ́ kí pùròpẹ́là méjèèjì yí ìgbà 410 ní 4H:

- Lẹ́yìn: 410 ÷ 4.1 = ìgbà 100. Táyà ẹ̀yìn fẹ́ rìn mítà 244.
- Níwájú: 410 ÷ 3.909 = ìgbà 104.9. Táyà iwájú fẹ́ rìn mítà 256.

Ara ọkọ̀ kan náà ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Iwájú kò lè fi mítà 12 sílẹ̀ kúrò lára ẹ̀yìn. Ńṣe ló dà bí ẹni méjì tó ru ọkọ̀ ojú omi kan léjìká, tí ẹni iwájú ń gbé ìṣísẹ̀ 105 nígbà tí ẹni ẹ̀yìn ń gbé 100. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan ò bá yọ̀, ejìká ló máa gbà á, tàbí kí ọkọ̀ ojú omi náà ya. Nínú Hilux yìí, táyà ni ẹsẹ̀, eyín gíà àti ọ̀pá irin ni ejìká.

7.4 Ìdí tí yanrìn fi ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀

Lórí yanrìn Badagry, ẹsẹ̀ ń yọ̀. Yanrìn gbígbẹ kò di táyà mú. Mítà 12 tó lé yẹn á kàn fọ́n ká lábẹ́ táyà, awakọ̀ kò sì ní mọ nǹkan kan. Ní 2H, àṣìṣe náà tún sá pamọ́, nítorí pùròpẹ́là iwájú kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wà á láti Badagry dé Èkó lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan, kó má fura.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá gun orí ọ̀dà padà, tí 4H ṣì wà nínú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ń yí. Ọ̀dà gbígbẹ di táyà mú. Níwọ̀n bí táyà kò ti lè yọ̀, ọ̀pá irin ló ń lọ́ bí aṣọ tí a ń fún. A ń pe èyí ní lílọ́ inú ṣáàfù. Agbára tó lọ́ sínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, títí táyà kan yóò fi fò díẹ̀ lórí ọ̀dà, a ó sì gbọ́ *gbì* lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn àmì mìíràn ni pé:

- ọkọ̀ wúwo bí ẹni pé wọ́n di bíréèkì rẹ̀ mú;
- ọ̀pá tíránsífà kọ̀ láti kúrò ní 4H bọ́ sí 2H;
- tíránsífà àti dífù gbóná kọjá bó ṣe yẹ;
- táyà jẹ kíákíá, pàápàá ní apá kan ṣoṣo, iwájú tàbí ẹ̀yìn.

Bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí i, ẹ̀wọ̀n inú tíránsífà lè fà tàbí kó já, eyín píníọ̀nù sì lè kán. Bí ọ̀pá bá ti há sí 4H, kí awakọ̀ fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn ní tààrà fún mítà díẹ̀. Lílọ́ náà á tú, ọ̀pá á sì gbọ́ràn. Ìtura lásán nìyẹn o, àìsàn ṣì wà nínú ara.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ tí dífù rẹ̀ bára mu rẹ́gí náà lè lọ́ ní 4H lórí ọ̀dà, nítorí pé nínú kọ́nà, táyà iwájú máa ń tọ ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọkọ̀ fi sọ pé kí a má ṣe lo 4H lórí ọ̀dà gbígbẹ. Báwo la ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ọkọ̀ tó bára mu, inú kọ́nà ló ti ń lọ́. Ọkọ̀ tí kò bára mu ń lọ́ lórí ọ̀nà tó tọ́ tààrà.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nígbà gbogbo, bíi púpọ̀ nínú Land Cruiser 80. Dífù àárín wà nínú tíránsífà wọn, tó ń jẹ́ kí pùròpẹ́là iwájú àti ti ẹ̀yìn lè yàtọ̀ nínú yíyí. Wọn kì í tètè lọ́. Ṣùgbọ́n bí ìpín gíà bá yàtọ̀, dífù àárín yìí kò ní sinmi láé, kódà lórí títì tó tọ́, yóò sì jẹ ara rẹ̀ tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

7.5 Kí ló gbọ́dọ̀ dọ́gba gan-an?

Ohun tó gbọ́dọ̀ dọ́gba ni ìwọ̀n ilẹ̀ tí iwájú àti ẹ̀yìn ń rìn nígbà tí pùròpẹ́là bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ìpín gíà àti ìwọ̀n táyà ló jọ ń pinnu rẹ̀.

Katakata oko fi èyí hàn kedere. Táyà iwájú rẹ̀ kéré, ti ẹ̀yìn ga tó ènìyàn. Ìpín gíà iwájú kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀yìn, nítorí táyà kékeré gbọ́dọ̀ yí jù kó tó bá táyà ńlá rìn. Àwọn tó ṣe é tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iwájú yára ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀, kó lè máa fà nínú ẹrẹ̀. Orí ilẹ̀ rírọ̀ ni katakata ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á gba ìyàtọ̀ náà. Kì í ṣe àwòkọ́ṣe fún Hilux.

Ìyàtọ̀ tó kéré gan-an kì í pa ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Amẹ́ríkà ń jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú 4.10 lẹ́yìn àti 4.09 níwájú, nítorí pé ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe dífù méjèèjì tàbí pé òǹkà eyín wọn yàtọ̀. Nínú mítà 244, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ.

Fi èyí wé táyà. Ká ní a fi táyà tuntun méjì síwájú, táyà tí eyín rẹ̀ ti jẹ mìlímítà 6 wà lẹ́yìn. Ìlà àárín wọn fi mìlímítà 12 yàtọ̀ síra, ìyẹn bí ìdá 1.5 nínú 100. Ìyàtọ̀ 4.10 sí 4.09 kò tó ìdá 0.25. Táyà tí a pààrọ̀ ní méjì méjì ń da ọkọ̀ láàmú ju nọ́ńbà dífù tí ẹlòmíràn ń bẹ̀rù lọ. Ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì fẹ́ táyà mẹ́rin tó jẹ́ ìwọ̀n kan, tí wọ́n jẹ bákan náà, tí afẹ́fẹ́ inú wọn sì wà ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ.

7.6 Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe: fífi ṣọ́ọ̀kì yẹ ọkọ̀ wò

Àwọn ọkọ̀ kan ní pátákó irin kékeré lábẹ́ bóòtù dífù tí ìpín gíà wà lára rẹ̀. Ní etíkun, iyọ̀ òkun ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù. Pátákó tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ní àmì dífù lára, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ gbé jáde láti ilé iṣẹ́ ló ń sọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́yìn náà. Kíkà ló dájú.

*Ohun èlò:* jáàkì kan, sítáǹdì irin méjì tó lágbára, òkúta tàbí igi ìdènà táyà, ṣọ́ọ̀kì.

*Ìkìlọ̀:* orí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ni kí a ti ṣe é, kì í ṣe orí yanrìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa títí iṣẹ́ á fi parí.

1. Fi ìdènà sí táyà méjì tí a kò ní gbé sókè, níwájú àti lẹ́yìn wọn.
2. Gbé táyà iwájú kan àti táyà ẹ̀yìn kan ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí o sì fi sítáǹdì gbé wọn dúró.
3. Fi gíà sí nútírà. Fi tíránsífà sí 4H. Tí ọkọ̀ bá ní họ́ọ̀bù àfọwọ́tì, ìyẹn èyí tí a ń fi ọwọ́ tì láàárín táyà iwájú, tì í. Tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀.
4. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà méjèèjì, kí ìlà náà kọjú sílẹ̀ gan-an.
5. Yí táyà ẹ̀yìn ní ìgbà 10 géérégé. Jẹ́ kí ẹnì kejì máa ka ti iwájú.

Bí dífù bá bára mu, ìlà iwájú yóò tún kọjú sílẹ̀, ìgbà 10 géérégé. Nínú Hilux àpẹẹrẹ wa, yóò yí ìgbà 10.49: bí ìlà ẹ̀yìn ṣe kọjú sílẹ̀, ti iwájú á wà lókè. Tí a bá yí i dé ìgbà 20, táyà iwájú á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi odindi ìyípo kan ṣáájú. Kò sí àwíjàre níbẹ̀, ojú lásán ló rí i.

Ìyẹn sọ fún wa pé wọn kò bára mu. Kò tíì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Láti mọ̀ ọ́n, fi tíránsífà sí 2H, fa ìlà sára pùròpẹ́là ẹ̀yìn, kí o sì yí táyà ẹ̀yìn tó wà lókè ní ìgbà 20. Nítorí pé táyà kejì wà nílẹ̀ tí kò yí, kíráwùn yóò yí ìdajì, ìyẹn ìgbà 10. Ka yíyí pùròpẹ́là, pín in sí 10. Ìgbà 41 túmọ̀ sí 4.1, ó lé díẹ̀ ní 39 túmọ̀ sí 3.909. Ṣe bákan náà níwájú, pẹ̀lú họ́ọ̀bù ní títì. Bí táyà kan kò bá gbà láti yí nígbà tí èkejì wà nílẹ̀, dífù náà ní ohun tó ń so ọ̀tún mọ́ òsì. Gbé táyà ọ̀tún àti tòsì ti dífù náà sókè, yí wọn pọ̀ ní ìgbà 10.

Kí a tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, tú bóòtù ọ́ìlì dífù díẹ̀ wò. Ọkọ̀ etíkun ń wọ omi. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ tí a pò, omi ti wọlé, ó sì lè jẹ́ òun ló ba dífù àkọ́kọ́ jẹ́. Ẹni tó bá gbé dífù tuntun síbẹ̀ láìdí ọ̀nà omi náà ń tọ́jú èso, ó gbàgbé gbòǹgbò.

7.7 Yíyan dífù tí a fẹ́ fi rọ́pò

Ka eyín nínú ọjà kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Dífù tó ṣí sílẹ̀ rọrùn láti kà: fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kíráwùn kan, kí o ka gbogbo rẹ̀ yípo, lẹ́yìn náà ka ti píníọ̀nù. Má ṣe mú kíráwùn láti inú dífù kan, kí o sì fi píníọ̀nù òmíràn sí i, kódà bí iye eyín bá bára mu. Wọ́n ti lọ̀ wọ́n pọ̀ ní méjì méjì nílé iṣẹ́. Bí a bá yà wọ́n, wọn yóò hu, wọn yóò sì jẹra.

Àwọn kan ń fi táyà tó ga sí ọkọ̀ kí yanrìn má bàa gbé e mì. Láti 265/70R16 bọ́ sí 285/75R16, ìlà àárín táyà á kúrò ní mìlímítà 777 bọ́ sí 834. Ọkọ̀ á di ọ̀lẹ. Bí ìpín gíà rẹ̀ bá jẹ́ 4.1, kó tó lè fà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di:

4.1 × 834 ÷ 777 = 4.4

Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àwọn tí a dárúkọ ni 4.3. Ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ ra méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kó sì fi wọ́n sí i lọ́jọ́ kan náà.

Kókó inú orí yìí

Ìpín gíà ni eyín kíráwùn tí a fi eyín píníọ̀nù pín. Ní 4H, pùròpẹ́là méjèèjì ń yí ní iye kan, nítorí náà ilẹ̀ tí iwájú ń rìn gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Yanrìn ń bo àìbáramu mọ́lẹ̀, ọ̀dà ń tú u síta. Ìpín gíà àti táyà la jọ ń yẹ̀ wò.

Ìdánrawò

1. Sọ ìtumọ̀ àwọn wọ̀nyí: tíránsífà, kíráwùn, dífù àárín, lílọ́ inú ṣáàfù.
2. Kíráwùn kan ní eyín 43, píníọ̀nù rẹ̀ ní 10. (a) Kí ni ìpín gíà rẹ̀? (b) Bí pùròpẹ́là bá yí ìgbà 860, ìgbà mélòó ni kíráwùn yí?
3. Dífù ẹ̀yìn ọkọ̀ kan jẹ́ 41 lórí 9, ti iwájú jẹ́ 43 lórí 10. Táyà ń rìn mítà 2.4 ní ìyípo kan. Bí pùròpẹ́là méjèèjì bá yí ìgbà 1,000 ní 4H, mítà mélòó ni iwájú fẹ́ rìn, mélòó ni ẹ̀yìn fẹ́ rìn?
4. Awakọ̀ kan sọ pé ọkọ̀ òun kò ní wàhálà lórí yanrìn, ṣùgbọ́n pé ọ̀pá tíránsífà máa ń há nígbà tó bá padà sórí títì Badagry ní 4H. Sọ ohun méjì tó lè fà á, àti ìbéèrè kan tí ìdáhùn rẹ̀ yóò fi ìyàtọ̀ hàn.
5. Nínú àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀kì, táyà ẹ̀yìn yí ìgbà 20, ti iwájú yí ìgbà 19. Dífù wo ni ìpín gíà rẹ̀ tóbi jù? Ṣàlàyé.
6. Kí ló dé tí ìpín gíà iwájú katakata fi lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn láìsí ewu, tí ti Hilux kò lè rí bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀dà?
7. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: pẹ̀lú olùkọ́ yín, ẹ lọ sí ọgbà mẹkáníìkì kan. Ẹ ka eyín dífù mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀, ẹ ṣírò ìpín gíà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì sọ èyí tó lè wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú èkejì.